Ẹ Yí Inú Rẹ̀ Síta: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Iṣẹ́ Ìkànnì

Aránṣọ ni ìyá mi, ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn. Bí ọmọ iṣẹ́ wọn bá rán aṣọ tán tó gbé e wá, wọn kì í wo ojú aṣọ náà rárá. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń yí síta. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, wọ́n á fa òwú tó bá yọ, bí wọ́n bá sì rí ibi tí ọmọ náà ti rán nǹkan mọ́ nǹkan láti fi bo àṣìṣe, wọ́n á ní kó tú u. Ọmọ á ní, "Mọ̀mí, kò kúkú hàn lóde." Wọ́n á dáhùn pé, "Ó ń bọ̀ wá hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́."

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mò ń dàgbà. Kò ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkànnì ayélujára, torí mi ò mọ̀ pé ìkànnì náà ní inú.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí ni mò ń kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ń rò ó bóyá kóun jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń kà, àbí kóun lo irú sọ́fíwià tí èèyàn fi ń fa àwòrán àti ọ̀rọ̀ kiri ojú kọ̀ǹpútà títí wọ́n á fi bọ́ síbi tó wù ú. Fà-gbé-kalẹ̀ ni mo máa ń pe irú sọ́fíwià bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gba ọ̀nà méjèèjì ṣubú.

Lọ́dún 2005 ni mo kọ́ iṣẹ́ náà, nílé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Dùgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ṣí ojú-ewé tuntun, bí a ṣe ń fa àtẹ sí i, bí a ṣe ń kó àwòrán sínú àtẹ, bí a ṣe ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa rìn láti ọ̀tún lọ sí òsì bí ẹni ń sá fún olówó èlé. Nísàlẹ̀ fèrèsé sọ́fíwià náà, bọ́tìnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ HTML sí, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú-ewé ìkànnì. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tó jáde dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ ti tàn. Olùkọ́ wa sáré wá, ó ní kí n pa á dé, pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwa, sọ́fíwià fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó o. Inú mi dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, ìyá mi sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Iléèwé girama aládàáni kan ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún mi. Náírà 35,000 la fẹnu kò sí. Mo lọ ya àwòrán géètì, mo ya ti yàrá sáyẹ́ǹsì, mo ya àwọn ọmọ lórí ìlà, mo sì ya bàbá tó ni iléèwé náà nídìí tábìlì wọn. Mo kọ àkọmọ̀nà iléèwé gàdàgbà sókè: ÌWÀ LẸ̀ṢỌ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi parí rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó dára débi pé mo pe ìyá mi wá wò ó. Wọ́n ní ó rẹwà. Wọn ò béèrè inú rẹ̀, wọ́n gbà pé mo ti wo ìyẹn.

Ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí ni bàbá yàn láti fi hàn wọ́n. Wọ́n yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, wọ́n so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn, wọ́n pè mí jáde, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. A wá dúró. Àwòrán géètì ń sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan ìlà bí ẹni ń tú aṣọ ìkélé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, a ò tíì rí ju orí géètì lọ. Nígbà tó wá délẹ̀ tán, àwòrán mẹ́ta yòókù ò sí níbẹ̀ rárá. Àpótí funfun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àmì pupa kékeré kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn àpótí yẹn ni bàbá fúnra wọn. Lókè, níbi tí mo kọ àkọmọ̀nà sí, ÌWÀ L nìkan ló yọ, ààmì ìbéèrè ló tò tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn olùkọ́ jókòó sí. Bàbá ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé ìbéèrè la wá ń bi àwọn òbí ni?" Òógùn bò mí lábẹ́ fáànù.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé ìyẹn ló burú jù, òun ló jẹ ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Sọ́fíwià yẹn náà ni mo padà sí láti fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Mo pa àwòrán rẹ́, mo tún un fà wọlé. Mo yí irú lẹ́tà padà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Bí mo bá sún àwòrán kan sápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á fò lọ sókè. Bí mo bá fa ọ̀rọ̀ wálẹ̀, àtẹ á ya. Mo wá ń fi àtẹ kékeré sínú àtẹ ńlá kí nǹkan lè dúró, mo ń tẹ àyè òfìfo síbi tó bá ṣí sílẹ̀. Ohun tí ìyá mi kórìíra jù lọ ni mò ń ṣe yẹn, mò ń rán nǹkan mọ́ nǹkan, mi ò sì fura.

Ọmọkùnrin kan tó ń bójú tó káfé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Mọ́kọ́lá ló yọ mí. Mo máa ń lọ ṣe àṣemọ́jú níbẹ̀, torí òru ni owó rẹ̀ rọjú. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó rí i pé omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n wò ó." Kò tiẹ̀ ṣí sọ́fíwià mi. Notepad ló fi ṣí fáìlì náà, ohun tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán, tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ilẹ̀ tí adìyẹ tàn yẹn tún jáde. Ó wá inú rẹ̀ títí ó fi kan àdírẹ́sì àwòrán bàbá, ó fìka sí i. file:///C:/ ló fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn fódà mi ló sì tẹ̀ lé e. Ó ní, "Àǹtí, inú kọ̀ǹpútà yín tó wà nílé lẹ ní kí gbogbo ayé ti wá wo àwòrán."

Mo ti fa àwòrán mẹ́ta yẹn wọlé láti fódà tí mo kó wọn sí nígbà tí wọ́n ti inú kámẹ́rà bọ́, sọ́fíwià sì kọ ibi tó ti rí wọn sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí i. Lọ́dọ̀ tèmi, wọ́n ń hàn, torí ilé ni wọ́n wà. Ó pa àdírẹ́sì gígùn yẹn rẹ́, ó fi images/baba.jpg rọ́pò rẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì tó kù.

Ó wá gòkè lọ sórí fáìlì náà. Ó fi hàn mí pé windows-1252 ni sọ́fíwià kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú ìkọ̀wé tí ojú-ewé náà ń lò. Àyè tó wà nínú irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò ju 256 lọ. À àti Ì ráyè nínú rẹ̀ torí pé èdè àwọn ará Yúróòpù bíi Ítálì ń lò wọ́n. Ẹ, Ọ àti Ṣ tiwa ò rí àga jókòó. Nígbà tí sọ́fíwià fẹ́ tọ́jú wọn tí kò rí ibi kó wọn sí, ó fi ààmì ìbéèrè dípò wọn. Ọmọkùnrin náà yí i sí UTF-8, irú ìkọ̀wé tó láyè fún lẹ́tà tiwa náà, ó tọ́jú fáìlì náà gẹ́gẹ́ bí UTF-8, èmi sì tún àkọmọ̀nà náà tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí lẹ́tà tó ti di ààmì ìbéèrè ti lọ nìyẹn, kò ṣe é dá padà.

Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá sórí ayélujára, ẹ jẹ́ n yà síbí díẹ̀. Títí dòní, lẹ́tà bí ẹ́ kò ní ibùjókòó kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà èdè ayé tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ wà láyè tirẹ̀, àmì ohùn wà láyè tirẹ̀, fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà, ló máa tò wọ́n lé ara wọn. Àwọn fọ́ǹtì kan wà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì wọn dùn ún wò, àmọ́ tó bá kan tiwa, wọ́n á gbé àmì ohùn kọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà bíi fìlà tó yẹ̀. Kí ẹ tó fa fọ́ǹtì kankan wọlé nítorí pé ó rẹwà, ẹ kọ "ẹ̀ṣọ́" àti "ọ̀pọ̀lọ́" pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Ẹ kọ lang="yo" sínú táàgì html, ìyẹn àmì HTML tó ṣí ojú-ewé, pẹ̀lú, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún àwọn tí ojú wọn ò ríran lè mọ èdè tóun bá pàdé. Mi ò tíì rí fà-gbé-kalẹ̀ tó ṣe ìyẹn fún mi láìjẹ́ pé mo lọ wá a kàn.

Ti géètì tó ń rá pálá, èmi ni mo jẹ̀bi. Àwòrán náà tó mẹ́gábáìtì méjì bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde. Mo mú un nígun, mo fà á kéré, mo rò pé mo ti dín in kù. Bí ẹni ká agbádá sínú báàgì kékeré ni. Ojú lásán ló kéré, gbogbo mẹ́gábáìtì méjèèjì ṣì ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà. Àwòrán gbọ́dọ̀ ti kéré kó tó wọ ojú-ewé. Ní tèmi lónìí, mi ò jẹ́ kí ọ̀kan fẹ̀ ju píksẹ́ẹ̀lì 1,200 lọ, ó sì máa ń ṣọ̀wọ́n kí ó wúwo ju kílóbáìtì 150 lọ.

Gbogbo àtúnṣe tí ọmọkùnrin yẹn ṣe kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń ta kókó. Ìtìjú ni mo kọ́kọ́ rí, ìbínú ló tẹ̀ lé e. Mo bínú sí olùkọ́ wa tó ní kí n pa bọ́tìnì yẹn dé.

Mo bẹ ọmọkùnrin yẹn pé kó kọ́ mi. Fún oṣù mẹ́ta mi ò gba iṣẹ́ ìkànnì kankan. Lọ́sàn-án, mo ń bá ìyá mi ṣe ihò bọ́tìnì. Lálẹ́, bí NEPA bá mú iná lọ, mo ń kọ HTML sínú ìwé pẹ̀lú bírò, níwájú àtùpà, n óò wá lọ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi wo gbogbo àmì tó ń ṣí tó ń pa dé yẹn, wọ́n bi mí bóyá mo ti ń kọ tírà ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ó ṣe kéré tó. Mo rò pé ẹgbẹ̀rún nǹkan ni mo fẹ́ há sórí. Nǹkan bí ogún táàgì ló gbé mi dé ibi tí mo ti lè kọ ojú-ewé tó pé: àkọlé, ìpínrọ̀, ìtọ́ka, àwòrán, ìlà nǹkan, fọ́ọ̀mù. Ìyókù, èèyàn ń bá wọn pàdé lójú ọ̀nà. CSS ló gbà mí lákòókò, torí òun ló ń sọ bí nǹkan ṣe máa rí lójú, àti pé lásìkò yẹn, kí èèyàn tó to àpótí mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ó gún, ó gba sùúrù. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí ríbi sá sí. Láti ọdún 2017 tí CSS Grid, ìyẹn apá CSS tó ń to àpótí, ti wọ inú àwọn bùráúsà ńlá tí a fi ń ṣí ìkànnì, ìlà mẹ́ta ti tó fún ohun tí mo fi àtẹ mẹ́rin sínú ara wọn ṣe nígbà náà.

Mo ṣe àṣìṣe tó pọ̀. Mo gbàgbé ààmì àyọlò kan lẹ́yìn orúkọ àwòrán, ìdajì ojú-ewé pòórá, mo fi òru ọjọ́ kan wá a. Òmíràn tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú títí dòní: àwòrán mi ń jẹ́ Geeti.JPG, mo kọ geeti.jpg sínú kóòdù. Lórí Windows, kò sí ìjà. Nígbà tí mo gbé e lọ sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, tó ń lo Linux dípò Windows, kò rí i, torí pé lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ohun kan náà lójú Linux. Láti ìgbà yẹn, lẹ́tà kékeré ni mo fi ń sọ gbogbo fáìlì mi lórúkọ, mi ò sì fi àyè sáàárín. Mo tún mọ ibi tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìkànnì, ti ń bá èèyàn yẹ kóòdù wò lọ́fẹ̀ẹ́, pé ìlà báyìí ni o ti gbàgbé láti pa nǹkan dé. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ibí ni ọ̀rọ̀ mi parí sí, n óò ní kí gbogbo yín lọ máa fọwọ́ kọ kóòdù. Ohun tí mo sọ fáwọn èèyàn gan-an nìyẹn fún ọdún bíi mẹ́fà. Mo di agbéraga. Bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fi fà-gbé-kalẹ̀ ṣiṣẹ́, n óò yọ ṣùtì. N óò ṣí inú iṣẹ́ rẹ̀ níwájú oníbàárà, n óò máa ka àléébù rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé Tim Berners-Lee tó dá World Wide Web, ètò ìkànnì orí ayélujára, sílẹ̀ ò rò ó bẹ́ẹ̀. Bùráúsà tó kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1990, ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, ó ṣe é lọ́nà tí èèyàn fi lè máa ka ojú-ewé kó sì máa kọ ọ́ lójú kan náà, láìrí táàgì. Àwọn bùráúsà tó wá tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà, kíkà nìkan ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn gbá Notepad mú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Macromedia sì máa gbé sọ́fíwià Dreamweaver jáde lọ́dún 1997, ohun tí wọ́n ń wá ni bí ẹni tó ń fi ojú ṣe é àti ẹni tó ń fọwọ́ kọ ọ́ ṣe máa lè jọ lo fáìlì kan náà láìba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Ìjà tí mò ń bá àwọn èèyàn jà ti gbó kí n tó dé ìdí iṣẹ́ náà.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ló fọ́ ìgbéraga yẹn. Ọdún 2011 ni. Mo fọwọ́ kọ ìkànnì fún wọn, ojú-ewé 64, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú aṣọ kan. Inú rẹ̀ mọ́ débi pé mo fẹ́ fi ṣe ìdíje. Àmọ́ nínú ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ni mo kọ iye owó aṣọ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, nígbà 64. Bí owó aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ bá ti gòkè lọ́jà, wọ́n á pè mí, n óò jókòó, n óò sì máa yí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún kejì, mo bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi. Ọ̀sẹ̀ méje ni mi ò fi sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Owó àdìrẹ ti gòkè lẹ́ẹ̀mejì lásìkò yẹn, àwọn oníbàárà wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì rọ̀ mọ́ iye tó wà lórí ìkànnì. Màmá ń ta aṣọ ládànù kí wọ́n má bàa bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Nígbà tí mo máa fi padà, wọ́n ti gba ẹlòmíì. Ọmọkùnrin tí wọ́n gbà náà fi fà-gbé-kalẹ̀ kan tó wà lórí ayélujára kó gbogbo rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, màmá ti ń fi fóònù ara wọn yí iye owó padà láti inú ìsọ̀. Wọ́n pè mí kí n má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ mọ́, àmọ́ ìwọ nìkan lo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Mo sunkún, mo tún bú ọmọkùnrin yẹn nínú ọkàn mi. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé wọ́n jàre. Mo ti bi ara mi léèrè gbogbo ohun tó kan kóòdù, mi ò béèrè ẹni tó máa tọ́jú ìkànnì náà lẹ́yìn tí mo bá ti gbowó mi. Ẹ má sì rò pé kóòdù tí mo fọwọ́ kọ ló fà á o. Ká ní mo kó iye owó jọ sójú kan, kí àwọn ojú-ewé 64 máa lọ mú un níbẹ̀, ìlà kan péré ni màmá ìbá máa yí, ẹnikẹ́ni ì bá sì bá wọn yí i. Mo mọ PHP, èdè kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀, tó ìyẹn. Ọ̀lẹ àti àṣejù ló jẹ́ kí n máa dà á kọ.

Mo lọ kọ́ WordPress, sọ́fíwià tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, lẹ́yìn náà. Ọdún 2003 ló ti wà, ó sì ti lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn ìkànnì ayé tó ń lò ó báyìí, àmọ́ èmi ń wò ó bí oúnjẹ inú agolo. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ó ya ọ̀rọ̀ oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ tí a wọ̀ fún un. Màmá lè yí ọ̀rọ̀ wọn. Èmi lè yí aṣọ rẹ̀. A ò ní tẹ ara wa lẹ́sẹ̀.

Kíá ni mo tún ki àṣejù bọ̀ ọ́. Lọ́dún 2019, mo ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan, mo sì gbé fà-gbé-kalẹ̀ kan lé orí WordPress, torí wọ́n fẹ́ kí nǹkan máa yọ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kí òmíràn máa yípo. Ó rẹwà. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹgbẹ́ ò san owó fà-gbé-kalẹ̀ náà mọ́, akápò wọn sì pa á. Gbogbo ojú-ewé wá kún fún àmì àkámọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ò nítumọ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn há sáàárín wọn bí ẹran inú eyín. Nígbà tí mo ṣí inú rẹ̀, mo ka div, ìyẹn táàgì àpótí lásán, mọ́kànlá kí n tó dé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Ẹ káàbọ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí inú aṣọ síta fún odindi ọdún mẹ́rìnlá, mi ò yí èyí wò kí n tó gbé e fún wọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Kí n tó gba sọ́fíwià kankan, mo máa ń fi ṣe ojú-ewé kékeré kan: àkọlé kan, àwòrán kan, ohun mẹ́ta nínú ìlà. N óò wá ṣí kóòdù tó kọ. Bí àkọlé náà bá jẹ́ h1, ìyẹn táàgì àkọlé, ó dáa. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n kàn fẹ̀ lásán, èèyàn tó ń fi etí ka ìkànnì ò ní mọ̀ pé àkọlé ni. Bí ohun tí mo lè kọ ní ìlà mẹ́wàá bá gba igba ìlà, mo mọ ohun tí fóònù oníbàárà máa rù. Mo máa ń béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí n kó iṣẹ́ mi jáde lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kó lọ. Webflow, fà-gbé-kalẹ̀ kan, fún àpẹẹrẹ, ń jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó kó kóòdù rẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà n óò bi oníbàárà pé, "Ta ló máa fọwọ́ kàn án lóṣooṣù?" Bó bá ní kò sẹ́ni, tó sì jẹ́ ojú-ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, mo máa ń fọwọ́ kọ ọ́ ni, ó máa ń yára, kò sí ohun tó fẹ́ àtúnṣe lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ní òun tàbí akọ̀wé òun ni, WordPress ni, pẹ̀lú aṣọ tó fúyẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi rán.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò gbọ́dọ̀ fa nǹkankan fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń kùn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ojú-ewé kan wá lọ́dún tó kọjá, AI ló kọ ọ́ fún un, ó rẹwà ju èyí tí èmi lè ṣe lọ́jọ́ kan lọ. Mo ní kó ṣàlàyé ìlà kẹrìnlélógójì fún mi. Ó wò mí. Mo tẹ bọ́tìnì "Rà á Báyìí" tó wà níbẹ̀, a ò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn tá a rẹ́rìn-ín tán, a jọ jókòó, a sì wá ibi tí bọ́tìnì náà yẹ kó lọ. Mi ò ní kó má lo AI mọ́. Mo ní kó máa bá mi ka èyí tí AI bá kọ.

Ìyá aládìrẹ pè mí lọ́dún 2024. Ohùn wọn ti yí, àgbà ti dé. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó fà-gbé-kalẹ̀ yẹn, dọ́là 16 lóṣù. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kò tó náírà 8,000. Wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti tó 1,500, owó oṣù wọn sì di 24,000. Káàdì báǹkì wọn ti kọ̀ láti san owó ilẹ̀ òkèèrè kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń bá wọn san án. Wọ́n fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Mo wá bọ́tìnì tó ń kó nǹkan jáde lórí irú ètò tí wọ́n ń san owó rẹ̀, kò sí.

Mi ò sọ fún wọn pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀, torí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìbínú ni mo ń bí. A fẹnu kò pé WordPress ni, lórí sáfà tí wọ́n ń gba náírà, kí wọ́n lè máa yí iye owó láti inú ìsọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Iye owó wà lójú kan báyìí. Àwọn aṣọ tó wà lórí ti àtijọ́ jẹ́ 200, àfi ká máa dà wọ́n kọ pẹ̀lú ọwọ́, àwòrán kan, ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ-ọmọ wọn ń kà á fún mi lórí fóònù lálẹ́, èmi ń tẹ̀ ẹ́, màmá ń ti ẹ̀yìn ṣàtúnṣe pé ẹlẹ́kọ ni èyí, oníko ni ìyẹn. A ti ṣe 120. Ó ku 80.